Kọ̀ǹpútà kan kò rí èkejì mọ́: ṣé nọ́ńbà ni ká máa tẹ̀ ni, àbí orúkọ?

Ìbéèrè: Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo ní ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin la ń lò, Windows ló wà lórí gbogbo wọn, ráútà kan náà la sì so wọ́n mọ́. Orí èyí tó wà lọ́dọ̀ mi la ń kó iṣẹ́ oníbàárà sí, kí àwọn mẹ́ta yòókù lè máa ṣí i láti ibi tí wọ́n wà. Ọmọkùnrin tó bá wa ṣe é kọ \\192.168.0.103 sórí bébà pélébé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan pé ohun tí a ó máa tẹ̀ nìyẹn. Ó ń ṣiṣẹ́ o, àmọ́ bí wọ́n bá mú iná lọ tí wọ́n sì dá a padà, nígbà míì kò ní rí i mọ́. Ẹlòmíì wá ní ká fi nọ́ńbà sílẹ̀, ká máa tẹ orúkọ kọ̀ǹpútà. A tẹ̀ ẹ́, ó ṣiṣẹ́ lórí méjì, ẹ̀kẹta ní òun kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èwo gan-an ni ká di mú?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Orúkọ ni kí ẹ máa tẹ̀. Ẹ sì tún jẹ́ kí ráútà ya nọ́ńbà kan sọ́tọ̀ fún kọ̀ǹpútà ọ̀dọ̀ yín, kó máa jẹ́ tirẹ̀ nìkan, kí nọ́ńbà lè wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí orúkọ bá kọ̀ tí kò dáhùn. Méjèèjì ni kí ẹ ṣe. Kò sí kọ̀ǹpútà tó bàjẹ́ nínú gbogbo ohun tí ẹ sọ yìí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbowó lọ́wọ́ yín pé òun fẹ́ tún Windows fi sí i.

Nọ́ńbà yẹn, 192.168.0.103, kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà yín. Ráútà ló yá a. Bí kọ̀ǹpútà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan tó sì wọ nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, á béèrè bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń pín nọ́ńbà. Ráútà á mú ọ̀kan nínú àwọn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún un, á sì sọ iye wákàtí tó lè fi lò ó. DHCP ni wọ́n ń pe ètò yìí. Bí àkókò náà bá ti dé ìdajì, kọ̀ǹpútà á tún tọrọ àfikún, ráútà á sì fún un. Nítorí náà, bí iná kò bá lọ tí ẹnikẹ́ni kò sì pa nǹkan kan, nọ́ńbà kan lè wà lórí kọ̀ǹpútà kan fún oṣù gbáko, á wá dà bíi pé ó ti di tirẹ̀ pátápátá.

Ìgbà tí iná bá lọ lọ̀rọ̀ máa ń yí padà. Ọ̀pọ̀ ráútà kékeré tí à ń rà lọ́jà kì í tọ́jú àkọsílẹ̀ ẹni tó yá nọ́ńbà síbi tí iná kò ti lè pa á rẹ́. Bí wọ́n bá dá iná padà, tàbí tí ẹ bá tan jẹnẹrétọ̀, ráútà á dìde, ó ti gbàgbé gbogbo àwọn tó ń bá ṣe tẹ́lẹ̀. Fóònù oníbàárà tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kò kú nígbà tí iná lọ, bátìrì ló ń lò. Òun ló máa kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ráútà. Bó bá jẹ́ 103 ló bọ́ sí i lọ́wọ́ kí kọ̀ǹpútà yín tó tan tán, 103 ti di ti fóònù nìyẹn. Kọ̀ǹpútà yín á dé, á béèrè 103 tó ń lò lánàá, wọ́n á ní ó ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíì, wọ́n á fún un ní 105. Àwọn mẹ́ta yòókù ṣì ń tẹ ohun tó wà lórí bébà, fóònù ẹni ẹlẹ́ni ni wọ́n sì ń bá sọ̀rọ̀. Fóònù kò ní fódà kankan tó fẹ́ ṣí fún wọn.

Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń yáni ni àtúnṣe rẹ̀ wà. Lórí kọ̀ǹpútà ọ̀dọ̀ yín, ẹ ṣí Command Prompt, fèrèsé dúdú tí à ń tẹ àṣẹ sí, ẹ tẹ ipconfig /all. Yóò tú ọ̀rọ̀ púpọ̀ jáde. Ẹ wá apá tó ń jẹ́ Wi-Fi, tàbí Ethernet bó bá jẹ́ wáyà lẹ fi so ó. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Physical Address: lẹ́tà àti nọ́ńbà ní méjì-méjì lọ́nà mẹ́fà, bíi 3C-52-82-0A-1B-2C. Láti ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti fi èyí sára káàdì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, iná kì í yí i padà. Ìlà mìíràn, Default Gateway, ni nọ́ńbà ráútà fúnra rẹ̀, 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1 lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ tẹ ìyẹn sínú búráúsà, ẹ fi password ráútà wọlé, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DHCP sí. Ráútà kan á pe ohun tí à ń wá ní Address Reservation, òmíràn á pè é ní Static Lease, òmíràn IP & MAC Binding; MAC yìí ni Physical Address náà. Ẹ kọ Physical Address yẹn síbẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà tí ẹ fẹ́ kó máa jẹ́ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ká ní 192.168.0.20, ẹ fi pamọ́, ẹ pa ráútà kí ẹ tún un tan, lẹ́yìn náà kí ẹ tún kọ̀ǹpútà náà tan. Àwọn ráútà kan kì í gbà bí nọ́ńbà náà kò bá sí lára èyí tí wọ́n ń pín. Bí tiyín bá kọ 20, ẹ wo ibi tó ti ń pín bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, ẹ mú ọ̀kan níbẹ̀.

Ohun méjì ló sábà máa ń ba ètò yìí jẹ́. Àkọ́kọ́, Wi-Fi àti wáyà ní Physical Address tirẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí wọ́n tilẹ̀ jọ wà nínú kọ̀ǹpútà kan náà. Bí ẹ bá ya nọ́ńbà sọ́tọ̀ fún Wi-Fi, tí ẹnì kan wá ki wáyà bọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì, nọ́ńbà mìíràn ni yóò gbà lórí wáyà. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú iṣẹ́ gbogbo ènìyàn máa lo wáyà, kí ẹ sì ṣe ètò náà fún Ethernet rẹ̀. Èkejì, nínú Settings Wi-Fi lórí Windows, bọ́tìnnì kan wà tó ń jẹ́ Random hardware addresses. Bí ìyẹn bá wà ní títàn, kọ̀ǹpútà lè máa fi Physical Address tí kì í ṣe tirẹ̀ han ráútà, ráútà kò sì ní dá a mọ̀. Ẹ pa á.

Àwọn kan á sọ fún yín pé kí ẹ má yọ ráútà lẹ́nu, kí ẹ kàn lọ kọ nọ́ńbà náà sínú Windows pé òun ni kó máa lò títí láé. N kì í gba àwọn oníṣọ́ọ̀bù níyànjú bẹ́ẹ̀. Ráútà kò mọ̀ pé ẹ ti mú nọ́ńbà yẹn. Bó bá wà lára èyí tó ń pín, ó lè gbé e fún ẹlòmíì, kí kọ̀ǹpútà méjì wá máa jẹ́ nọ́ńbà kan, kí méjèèjì máa já kúrò lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lọ́nà tí ẹni tó ń wò ó kò ní mọ ibi tó ti wá. Bó bá sì jẹ́ láptọ́ọ̀pù ni, ọjọ́ tí ẹ bá gbé e lọ síbòmíràn, íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ kò ní wọlé, torí nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù ló ṣì dì mú.

Nígbà tí ẹ bá wà nínú ráútà yẹn, ẹ ya nọ́ńbà sọ́tọ̀ fún prínta náà, bó bá jẹ́ èyí tó ń lo Wi-Fi tàbí wáyà nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Nọ́ńbà prínta ni Windows máa ń kọ pamọ́ lọ́pọ̀ ìgbà nígbà tí ẹ bá fi prínta sí i, kì í sì í padà wá wò ó. Prínta tí Windows ń pè ní Offline, tó sì wà ní títàn níwájú yín, nọ́ńbà rẹ̀ ló ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà.

Ó wá kan orúkọ. Bí kọ̀ǹpútà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé, Windows á sọ ọ́ ní nǹkan bíi DESKTOP-4KJ7Q2M, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè rántí. Ẹ lọ sí Settings, System, About, ẹ tẹ Rename this PC, ẹ fún un ní orúkọ kúkúrú. Kó má ju lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, torí ibẹ̀ ni ètò orúkọ àtijọ́ ti Windows mọ, NetBIOS. Ẹ má fi àyè sáàárín, ẹ má sì fi àmì sórí lẹ́tà tàbí sábẹ́ rẹ̀. Ó máa ń wu ènìyàn láti kọ ìtẹ̀wé bó ṣe yẹ ká kọ ọ́, ṣùgbọ́n lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, lẹ́tà a sí z láìní àmì, nọ́ńbà àti dáàṣì kékeré nìkan ni gbogbo ẹ̀rọ jọ gbà. ITEWE1 dára. Lẹ́yìn tí ẹ bá tún un tan, ohun tí àwọn mẹ́ta yòókù yóò máa tẹ̀ sókè nínú File Explorer ni \\ITEWE1. Ìlà méjì tó dagun sẹ́yìn yẹn ló ń sọ fún Windows pé kọ̀ǹpútà mìíràn la fẹ́ lọ. Bí ẹ bá tẹ ITEWE1 lásán sínú búráúsà, Google ni yóò gbé e lọ bá.

Báwo ni kọ̀ǹpútà ẹ̀gbẹ́ kan ṣe ń mọ ẹni tó ń jẹ́ ITEWE1? Nínú ilé-iṣẹ́ ńlá, wọ́n á ní ẹ̀rọ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó mọ orúkọ gbogbo ẹ̀rọ. Ní ṣọ́ọ̀bù bíi tiyín, kò sí irú rẹ̀. Ohun tí àwọn kọ̀ǹpútà ń ṣe ni ohun tí à ń ṣe nínú agbo ilé ńlá: ẹni tó ń wá ènìyàn á dúró sí àárín agbolé, á pariwo orúkọ rẹ̀, ẹni tó ń jẹ́ orúkọ náà fúnra rẹ̀ á jáde wá dáhùn. NetBIOS ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ètò tuntun tó ń jẹ́ mDNS náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, òun ló ni àwọn orúkọ tó parí sí .local. Stuart Cheshire àti Marc Krochmal ti ilé-iṣẹ́ Apple ló kọ òfin rẹ̀ jáde ní 2013, wọ́n ń pè é ní RFC 6762. Orí 224.0.0.251 ni ó ti ń pariwo, gbogbo ẹ̀rọ tó mọ̀ ọ́n ló ń tẹ́tí síbẹ̀. Windows 10 àti 11 gbọ́ ọ, Mac, kọ̀ǹpútà Apple, gbọ́ ọ, Linux tó ní Avahi, ètò tó ń jẹ́ kó mọ mDNS, gbọ́ ọ. Bí \\ITEWE1 bá kọ̀, ẹ gbìyànjú \\ITEWE1.local. Bí ọmọ iṣẹ́ yín kan bá gbé Mac wá, smb://itewe1.local ni kó tẹ̀ nínú Connect to Server.

Ibi tí ariwo kò bá dé, orúkọ kò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé kọ̀ǹpútà kẹta yín kò sí nínú agbolé kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù, bí ẹ tilẹ̀ sọ pé ráútà kan ni. Ẹ lọ tẹ ipconfig lórí rẹ̀, kí ẹ wo IPv4 Address. Bí Subnet Mask bá jẹ́ 255.255.255.0, bó ṣe máa ń rí ní ṣọ́ọ̀bù kékeré, ọ̀wọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú nọ́ńbà náà gbọ́dọ̀ bá ti kọ̀ǹpútà ọ̀dọ̀ yín mu. Bí tiyín bá jẹ́ 192.168.0.20, tí tirẹ̀ sì jẹ́ 192.168.1.14, ráútà méjì ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti so ráútà àtijọ́ kan mọ́ tuntun kí Wi-Fi lè dé ẹ̀yìn, kí ráútà kejì sì ti dá agbolé tirẹ̀ sílẹ̀. Ó lè ya yín lẹ́nu pé íntánẹ́ẹ̀tì ń wọlé dáadáa níbẹ̀, kódà tó bá tẹ 192.168.0.20 ó lè ṣí, torí ẹni tó wà lẹ́yìn ráútà kejì lè jáde sí iwájú. Orúkọ nìkan ni kò ní ṣiṣẹ́, ẹni iwájú kò sì ní lè wọlé sí ẹ̀yìn. Ohun tí ẹ sọ bá èyí mu gan-an. Ẹ lọ sínú ráútà kejì yẹn, ẹ yí i sí Access Point mode, kó kàn máa tan Wi-Fi ká láìpín nọ́ńbà. Bí kò bá ní irú rẹ̀, ẹ fún òun fúnra rẹ̀ ní nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò lò, bíi 192.168.0.2, ẹ pa DHCP rẹ̀, kí ẹ wá yọ wáyà kúrò ní ihò tí wọ́n kọ WAN sí, kí ẹ wá fi í sínú ọ̀kan nínú àwọn ihò LAN. Láti ìgbà náà, ráútà kan ṣoṣo ló ń pín nọ́ńbà.

Bí ọ̀wọ́ mẹ́ta náà bá dọ́gba, ẹ wò ó bóyá Wi-Fi àlejò, èyí tó ń jẹ́ Guest, ló wọ̀. Wọ́n dìídì ṣe ìyẹn kí àwọn tó wà lórí rẹ̀ má lè rí àwọn yòókù. Bí ẹ bá sì rí nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, kò rí ẹni tó yá a ní nọ́ńbà rárá, ó fúnra rẹ̀ ló mú un. Wáyà tàbí ráútà ni kí ẹ wò.

Ohun tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù mọ̀ ni kíka ohun tí ping ń sọ, àṣẹ tí à fi ń wò bóyá kọ̀ǹpútà kan ń dáhùn. Àwọn tó pọ̀ jù máa ń rí i pé kò dáhùn, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́, wọ́n á pa á dé. Ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ tẹ ping ITEWE1. Bó bá ní could not find host, orúkọ ni kò rí. Kò tíì dé ibi kọ̀ǹpútà rárá, nítorí náà ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ password tàbí firewall, ètò tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kọ̀ǹpútà, wò. Bó bá ní Reply from, tó dárúkọ nọ́ńbà, tó wá fi Destination host unreachable parí ìlà náà, ẹ wo nọ́ńbà yẹn dáadáa. Ti kọ̀ǹpútà tí ẹ ń lò lọ́wọ́ ni, kì í ṣe ti ẹni tí ẹ ń pè. Ó ń sọ fún yín pé òun béèrè ẹni tó ni nọ́ńbà náà nínú agbolé, ẹnikẹ́ni kò jáde: kọ̀ǹpútà náà wà ní pípa, tàbí kò sí lórí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yìí. Bó bá ní Request timed out, tó sì jẹ́ pé ó ti rí nọ́ńbà orúkọ náà, ó ṣeé ṣe kí kọ̀ǹpútà náà wà níbẹ̀ kí firewall rẹ̀ má kàn fẹ́ dá ping lóhùn. Windows máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí PowerShell, fèrèsé àṣẹ mìíràn nínú Windows, ẹ tẹ Test-NetConnection ITEWE1 -Port 445, torí 445 ni ilẹ̀kùn tí fódà àjọlò ń gbà. Bí ìlà TcpTestSucceeded bá sọ True, ọ̀nà ṣí, ìyókù di ọ̀rọ̀ ẹni tó ní àṣẹ láti wọlé. Bí ping bá dá yín lóhùn pẹ̀lú nǹkan gígùn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fe80, ẹ má fòyà, nọ́ńbà IPv6 kọ̀ǹpútà náà ni, ó ti rí i.

Lórí àṣẹ ìwọlé, ẹ kọ́kọ́ wo kọ̀ǹpútà ọ̀dọ̀ yín. Nínú Settings, Network & internet, Wi-Fi tàbí wáyà tó ń lò gbọ́dọ̀ wà ní Private network. Public ni Windows sábà máa ń fi í sí, kọ̀ǹpútà tó bá sì wà ní Public máa ń dákẹ́ bí wọ́n tilẹ̀ ń pè é. Lẹ́yìn náà, bí ó bá béèrè orúkọ àti password, password ti àkáǹtì tó wà lórí ITEWE1 ló ń béèrè, kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà tí ẹ jókòó tì. Ẹ tẹ ITEWE1\ kí ẹ tó kọ orúkọ àkáǹtì náà, kó lè dá a lójú. PIN oní-nọ́ńbà mẹ́rin tí ẹ fi ń ṣí kọ̀ǹpútà ní àárọ̀ kò wúlò níbí. Orí ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni PIN ti ń ṣiṣẹ́. Àkáǹtì tí kò ní password rárá náà, Windows kì í jẹ́ kó gba orí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wọlé. Ẹ dá àkáǹtì kan sílẹ̀ lórí ITEWE1 fún àwọn ọmọ iṣẹ́, ẹ fún un ní password gidi, ẹ má lo tiyín.

Ẹnì kan lè sọ fún yín nípa fáìlì hosts, tó wà nínú C:\Windows\System32\drivers\etc, pé ẹ lè kọ nọ́ńbà àti orúkọ síbẹ̀ kí orúkọ má lè kọ̀ láé. Òótọ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n orí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan lẹ ó ti máa kọ ọ́, bí nọ́ńbà bá sì yí padà, gbogbo wọn lẹ ó tún kọ, bíi bébà tí ẹ lẹ̀ mọ́ wọn. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì gan-an kọ́kọ́ gbé lórí ètò yìí. Nígbà ARPANET, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó ṣáájú íntánẹ́ẹ̀tì, fáìlì kan ṣoṣo, HOSTS.TXT, ló ní orúkọ gbogbo kọ̀ǹpútà nínú. Elizabeth Feinler àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí SRI, ní Menlo Park ní Kalifóníà, ló ń tún un ṣe, àwọn yòókù á wá gba ẹ̀dà tuntun. Nígbà tí kọ̀ǹpútà pọ̀ débi tí fáìlì kan kò lè gbà wọ́n mọ́, Paul Mockapetris gbé ètò orúkọ tó ń jẹ́ DNS kalẹ̀ ní 1983, òun náà la ṣì ń lò lórí ayélujára. Mo gbà kí ẹ lo fáìlì hosts bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló ṣorí kunkun, tí nọ́ńbà ITEWE1 sì ti dúró lórí ráútà.

Ẹ ò béèrè èyí, ṣùgbọ́n ẹ máa tó béèrè rẹ̀: ẹ ò lè jókòó nílé kí ẹ tẹ 192.168.0.20 tàbí \\ITEWE1 kí ẹ bá ṣọ́ọ̀bù sọ̀rọ̀. Gbogbo nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, àti àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, àti láti 172.16 dé 172.31, RFC 1918 ti 1996 ti yà wọ́n sọ́tọ̀ fún inú ilé. Ilé mìíràn ní 192.168.0.20 tirẹ̀, bóyá ilé tiyín náà ní. Íntánẹ́ẹ̀tì kì í gbé wọn kọjá. Bí ráútà yín bá jẹ́ èyí tó ń lo síìmù, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù sábà máa ń fi nọ́ńbà kan bo ọ̀pọ̀ oníbàárà papọ̀, kò sì sí bí ẹni tó wà níta ṣe lè kan ilẹ̀kùn yín tààrà. Ẹ lo VPN, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì so àwọn ẹ̀rọ yín pọ̀, bíi Tailscale tàbí WireGuard. Ti Tailscale rọrùn jù fún ẹni tó ń lo síìmù: ẹ fi sórí ITEWE1 àti láptọ́ọ̀pù ilé, ẹ fi àkáǹtì kan náà wọlé lórí méjèèjì, yóò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 100, òun ni kí ẹ máa tẹ̀ láti ilé. Bó bá jẹ́ pé ojú kọ̀ǹpútà náà gan-an lẹ fẹ́ máa rí pẹ̀lú Remote Desktop, Windows Pro ló gbọ́dọ̀ wà lórí ITEWE1, torí Windows Home kì í gba irú àlejò bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni ṣí ilẹ̀kùn 3389 lórí ráútà yín sí ìta nítorí Remote Desktop. Tọ̀sán-tòru ni àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ń wá ilẹ̀kùn yẹn kiri, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń ti fáìlì oníṣòwò pa kí wọ́n tó béèrè owó máa ń gbà wọlé.